Etí Ti Mọ̀ Ọ́n, Ó Ku Ọwọ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra fún Ìdánwò Tíọ́rì Orin Gíréèdì 8

Bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá parí orin, tí wọ́n fẹ́ fi "Àmín" dì í, ẹ tẹ́tí sí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sopránò dúró lórí do, kò mì. Áltò ti orí la bọ́ sí so. Tẹ́nọ̀ kúrò lórí fa, ó sọ̀ sí mi. Báàsì ló rìn jìnnà jù, láti fa lọ balẹ̀ sórí do nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó rò ó nínú wọn kí ó tó kọ ọ́. Àmọ́ ẹ gbé ìwé fún ẹni tó kọ áltò yẹn, ẹ ní kó kọ plagal cadence, ìyẹn kọ́ọ̀dù (àkójọ ohùn tó ń dún pọ̀) kẹrin tó bọ́ sí kọ́ọ̀dù kìíní, fún ohùn mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó máa wo yín lójú. Ohun kan náà ni! Ọ̀pọ̀ wàhálà tó wà nínú ìmúrasílẹ̀ fún tíọ́rì gíga kò ju èyí lọ: etí ti mọ nǹkan náà tipẹ́, ọwọ́ ni kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò tí àwọn akọrin ilẹ̀ wa máa ń ṣe ni ti ABRSM, àjọ tó ń ṣe ìdánwò orin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889. Ìpele 8 ló ní. Gíréèdì 5 ni ẹnubodè, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ fi dùùrù tàbí ohùn ṣe ìdánwò Gíréèdì 6 sókè ní láti kọ́kọ́ yege nínú tíọ́rì Gíréèdì 5, tàbí ohun mìíràn tí wọ́n bá kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti Gíréèdì 6 lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìsàlẹ̀, "Kí ni orúkọ èyí?" ni ìbéèrè wọn. Lókè, orin tí wọ́n kọ dé ìdajì ni wọ́n máa gbé síwájú èèyàn, pé kó parí rẹ̀. Wákàtí 3 ni ti Gíréèdì 8. Nínú 100 máàkì, 66 ni wọ́n fi ń yege, 80 ni merit, 90 ni distinction.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí sol-fa ni ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kódà ọmọ tí kò wọ ẹgbẹ́ akọrin rí ti pe do, re, mi ní kíláàsì, níbi tí tíṣà ti ń kọ́ wọn ní àmì ohùn: do fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún àárín, mi fún òkè. Ẹ̀bùn ńlá ni. Sol-fa ti kọ́ èèyàn láti gbọ́ bí ohùn kan ṣe jìnnà sí èkejì kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé do ń ṣí kiri. Ibi tí ọ̀gá akọrin bá ti fún wọn ní kíì náà ni do wà, akọrin kò sì ní láti béèrè. Orí ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ nóòtì sí kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ wo àwọn ṣáàpù (àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀) tàbí fíláàtì (èyí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀) tó wà níwájú, kí ó fúnra rẹ̀ wá ibi tí do fi ara pamọ́ sí.

Ọ̀nà tó dára jù láti la odò yìí kọjá ni kí èèyàn mú ìwé orin tó ní sol-fa, kí ó máa da orin kan kọ sórí ìlà márùn-ún lójoojúmọ́, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrù nóòtì sopránò sókè, ti áltò sísàlẹ̀. Kí ó má fo àwọn orin tó wà ní minor. Nínú sol-fa, orí la ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, so tí wọ́n bá gbé sókè díẹ̀ a di "se". Lórí ìlà márùn-ún, "se" yẹn ni ṣáàpù tàbí nátúrà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti kọ, tó sì ń jẹ máàkì wọn.

Lẹ́yìn èyí ni òfin ohùn mẹ́rin kàn, ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn pẹ́ sí jù. Ká ní báàsì wà lórí do, tẹ́nọ̀ wà lórí so. Bí a bá kà á láti do dé so, márùn-ún ni. Bí báàsì bá wá gun orí re, tí tẹ́nọ̀ náà sì gun orí la, márùn-ún náà ló tún jẹ́. Àwọn méjèèjì ti so ọwọ́ pọ̀ rìn pẹ̀lú márùn-ún láàárín wọn, èyí tí òfin kọ̀, aláyẹ̀wò á sì fa ìlà pupa sí i. Bí a ó ṣe tún un ṣe ni pé kí tẹ́nọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí fa nígbà tí báàsì ń gòkè sórí re. Ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Ìdí òfin náà ni pé nínú orin àwọn Òyìnbó ìgbà náà lọ́hùn-ún, ohùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró bí èèyàn ọ̀tọ̀, bí méjì bá sì ń rìn báyìí, etí wọn a kà wọ́n sí ọ̀kan.

Ó yẹ kí ẹni tó ń múra mọ̀ pé òfin ìdánwò kì í ṣe òfin orin gbogbo ayé. Nínú orin ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́, gbogbo ènìyàn ló sábà máa ń kọ ohùn kan náà pọ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì ń so ohùn méjì mọ́ra rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń dùn. Ẹni tí etí rẹ̀ gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Èdè mìíràn ló ń kọ́, èdè yẹn sì ní gírámà tirẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà abẹ́ báàsì tún wà, figured bass. Wọ́n ń dẹ́rù ba èèyàn láìnídìí. Ká ní báàsì dúró lórí so, tí wọ́n kọ 6 lórí 4 sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ìka láti so: so ni kìíní, la kejì, ti kẹta, do kẹrin, re karùn-ún, mi kẹfà. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi sókè ni do àti mi. Bí 5 lórí 3 bá tẹ̀ lé e, do á sọ̀ sí ti, mi á sọ̀ sí re, báàsì kò tíì kúrò lórí so. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu: do‑ti, mi‑re, kí gbogbo wọn wá padà sórí kọ́ọ̀dù do. Ta ni kò gbọ́ ọ rí ní òpin orin? Ní Gíréèdì 8, irú báàsì yìí ni wọ́n ń fúnni, pẹ̀lú ohun èlò méjì lókè rẹ̀ tí èèyàn máa parí bí àwọn olórin Yúróòpù ìgbà Corelli àti Handel ṣe ń ṣe é. Wọ́n tún máa fúnni ní orin dùùrù tí àwọn ibì kan ṣófo nínú rẹ̀.

Ti kíkọ orin tuntun fún fèrè tàbí gòjé Òyìnbó, ìyẹn fáyólìn, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ orin Yorùbá ti máa ń ṣì í. Ó ti mọ́ wọn lára pé ọ̀rọ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún orin: bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin á gòkè, kí "ọkọ" má baà di "ọkọ́". Nínú ìdánwò, kò sí ọ̀rọ̀. Inú ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fúnni ni èèyàn ti máa fa gbogbo ohun tó kù yọ. Kí ó mú ìró kékeré kan nínú rẹ̀, kí ó tún un sọ níbi gíga, kí ó yí i padà, kí ó gbé e lọ sí kíì mìíràn, kí ó sì mú un padà wálé. Kí ó rántí pé ẹni tó ń fọn fèrè ní láti mí, àti pé fáyólìn kò ní nóòtì kankan nísàlẹ̀ G tó wà lábẹ́ C àárín dùùrù.

Kíka ojú ìwé tí gbogbo ohun èlò orkẹ́sírà wà lórí rẹ̀ ló kù. Ọmọ tó ń fọn trumpet nínú báńdì ṣọ́ọ̀ṣì ti ní àǹfààní níbí, torí ó ti rí i pé bí òun bá fọn C tòun, B fíláàtì ló ń dún lórí dùùrù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ kó bá dùùrù orí C dún pọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀ sí D. Horn orí F ń dún ní márùn-ún sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ. Orúkọ àwọn ohun èlò náà ń yí padà láti èdè dé èdè: Pauken tí àwọn ará Jámánì kọ ni Timpani àwọn ará Ítálì, B àwọn ará Jámánì sì ni B fíláàtì wa, H ni wọ́n ń pe B gan-an.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń múra ti máa nìkan wà. Ẹ̀ka orin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Seminary ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ọ̀gá akọrin tó lè yẹ iṣẹ́ ẹni wò kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú. Ẹni tí kò ní dùùrù nílé lè kó èèyàn mẹ́ta jọ lẹ́yìn ìpàdé akọrin, kí wọ́n kọ ohun tó kọ sílẹ̀ sí i létí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ibi tí tẹ́nọ̀ ti ní láti fò bí ẹni fo kòtò á hàn, báàsì á sì ní ohùn òun kò dé ìsàlẹ̀ yẹn.

Àmọ́ kò sí dùùrù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sì sáyè láti kọrin sókè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi oṣù méjì tó gbẹ̀yìn kọ́ etí inú. Wọ́n á ka orin mẹ́rin-ohùn láìlanu, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á kọ báàsì rẹ̀ láti inú ọkàn. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago lù, ìka òsì á wà lórí sopránò, ti ọ̀tún lórí báàsì, méjèèjì á máa rìn lọ láti nóòtì dé nóòtì, pẹ́ńsù nítòsí, rọ́bà nítòsí, ètè á sì máa mì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde: do, ti, do.