Ẹ Dúró Kó Ṣẹ Ná

Iṣẹ́ olóòtú ìwé ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ti sú mi jù ni prescient. Ẹni tó bá ti lówó tó lè tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, prescient ni.

Látìnì ló ti wá: prae ni "ṣáájú", scire ni "mọ̀". Ìyẹn ò le. Èyí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá sọ lónìí pé nǹkan báyìí ń bọ̀, àsọtẹ́lẹ̀ lẹ sọ. Ó di ìgbà tó bá ṣẹ, tí ẹ sì ti sọ ọ́ síta kó tó ṣẹ, kí n tó gbà kó dúró nínú ìwé yín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, Arthur C. Clarke, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wireless World pé sátẹ́láìtì tó bá wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, yóò máa bá ayé yí lọ́gbọọgba, pé mẹ́ta irú rẹ̀ lè gbé ìròyìn ká gbogbo ayé. Ọdún 1964 ni sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní Syncom 3 dé ibẹ̀. Ká ní ìṣirò Clarke kò tọ̀nà ni, gbogbo ayé ni ì bá rí i.

Àmọ́ ẹni tó ń sọ lọ́dọọdún pé "ẹni ńlá kan máa kú", kí ló fi dógò? Ọdún wo ni ẹni ńlá kì í kú? Ẹ máa pè é ní aríran bó bá wù yín, ẹ ṣáà fi prescient sílẹ̀ fún mi.

Bàbá kan gbé ìwé wá, ó ní òun ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ àwọn yóò wó, ọdún márùn-ún kó tó wó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ kọ ọ́ sí?" Wọ́n ní ọkàn àwọn ni. Mo ní ọkàn ò ní déètì. Nígbà tó yá, wọ́n mú lẹ́tà kan wá, bébà rẹ̀ ti pọ́n, déètì rẹ̀ sì pé régí. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sókè rẹ̀, ibi tí ilé-iṣẹ́ náà kó lọ ní ọdún méjì lẹ́yìn déètì yẹn ni. Bàbá fúnra wọn ló kọ bẹ́ẹ̀ ní orí keje. Mo ṣí i hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ṣé a ò lè yọ orí keje kúrò ni.