Lílo variable gbogboogbò nínú function

Nínú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, variable jẹ́ orúkọ tí a fi ń tọ́jú iye kan, function sì jẹ́ àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ kí a lè máa pè é ṣiṣẹ́. Variable gbogboogbò ni èyí tí a dá sílẹ̀ ní ìta gbogbo function. Èyí tí a dá sínú function kan jẹ́ ti abẹ́lé, kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà function tó bí i. Ọwọ́ tí èdè kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi mú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ síra. Ní èdè C, function a máa ka variable gbogboogbò tí a ti kéde ṣáájú rẹ̀, a sì máa yí i padà láìtọrọ àyè, àfi bí ti abẹ́lé kan bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí ti abẹ́lé ni yóò borí.

Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, gba ìfarabalẹ̀ ju C lọ. Ká ní a kọ owo = 500 sí òkè fáìlì, tí a sì kọ function kan tó ń jẹ́ san sábẹ́ rẹ̀. Bí print(owo) nìkan bá wà nínú san, 500 ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ owo = owo - 100 síbẹ̀, àṣìṣe UnboundLocalError ni yóò dá ètò náà dúró. Ìdí ni pé kí san tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Python ti yẹ inú rẹ̀ wò: orúkọ tó bá bá ní apá òsì àmì ìdọ́gba, ó ti kà á sí ti abẹ́lé láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Owo tí a fẹ́ yọ 100 kúrò nínú rẹ̀ wá di ti abẹ́lé, èyí tí kò tíì ní iye kankan. Bí a bá kọ global owo ṣáájú ìlà náà, láti sọ fún Python pé owo ti gbogboogbò ni a ń lò, owo yóò di 400. Ti list, ìyẹn àkójọ ọ̀pọ̀ nǹkan lábẹ́ orúkọ kan, yàtọ̀: bí oja bá jẹ́ list gbogboogbò, oja.append("iyọ̀"), tó ń fi iyọ̀ kún un, kò nílò global, nítorí inú list ló yí padà, orúkọ oja ṣì ń tọ́ka sí list kan náà.

PHP le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kíkà lásán pàápàá ń fẹ́ global $owo tàbí $GLOBALS, ìyẹn àkójọ àwọn variable gbogboogbò. Ní ti JavaScript, bí a bá gbàgbé let, const tàbí var nínú function, orúkọ tuntun tí a fún ní iye yóò di ti gbogboogbò láìfọhùn. Ewu ńlá nìyí, strict mode, ìyẹn ipò tí òfin ti le sí i, tó dé pẹ̀lú ECMAScript 5 (ẹ̀dà ìlànà JavaScript) ní 2009 ló sọ ọ́ di àṣìṣe.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí san gba owo gẹ́gẹ́ bíi parameter, ìyẹn iye tí a ń fi lé function lọ́wọ́ nígbà tí a bá pè é, kó sì fi return dá iye tuntun padà, kí a wá kọ owo = san(owo). Ẹni tó bá ń wá ibi tí 400 ti wá yóò rí i lójú ìlà yẹn, kò ní máa tú gbogbo function inú fáìlì wò.