Kí ni ìtàgé ń wá lẹ́yìn aṣọ ilé sinimá àtijọ́?

Ìbéèrè: Bí èèyàn bá yọjú sí ẹ̀yìn aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé sinimá ńlá tí wọ́n kọ́ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, yóò bá ìtàgé fífẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń fa aṣọ ìkélé sókè, àti yàrá tí àwọn òṣèré ti ń múra. Fíìmù kì í wẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ni kì í kun àtíkè. Kí ni gbogbo èyí ń wá níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tó fà á ni pé fíìmù nìkan kọ́ ni àwọn tó kọ́ wọn ń tà. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, àwọn ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù, kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ òǹwòran ní Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, yàrá ìsàlẹ̀ ilé kọfí kan ni wọ́n lò, fíìmù kọ̀ọ̀kan kò sì gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí Nickelodeon ṣí ní Pittsburgh lọ́dún 1905, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to àga sí ni. Sẹ́ǹtì 5 ni owó ìwọlé, orúkọ owó ẹyọ náà, nickel, ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gbòde kan láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó rí jájẹ ń yẹra fún un, nítorí wọ́n kà á sí ibi ooru àti ìfúnpọ̀. Àwọn oníṣòwò wá rí i pé bí àwọn bá fẹ́ kí irú wọn wọlé, kí tíkẹ́ẹ̀tì sì gbówó lérí, àfi kí ilé fúnra rẹ̀ di àpéwò. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sinimá tó dà bí ààfin nìyẹn. Fíìmù kò tíì ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, nítorí náà àwọn onílù, onífèrè àti atẹdùùrù ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí fíìmù kan bá sì parí, oníjó, aláwàdà àti olórin á bọ́ sójú agbo kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ni ìtàgé náà.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi wó ọ̀pọ̀ nínú wọn?

Ìdáhùn: Títóbi wọn ló kọ́kọ́ ṣàkóbá fún wọn. Láti ọdún 1927 ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tẹlifíṣàn wọ inú ilé, àwọn ìdílé ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá ẹjọ́ kan lọ́dún 1948 tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá jọ̀wọ́ àwọn ilé sinimá ọwọ́ wọn. Ilé tó ní àga 4,000 kò lè fi igba òǹwòran gbọ́ bùkátà, nítorí pé òrùlé kì í béèrè iye ẹni tó jókòó kí ó tó jò. Ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé wá níye lórí ju ilé lọ. Roxy ní New York, tó ní àga bí 6,000, ṣí lọ́dún 1927. Wọ́n wó o lọ́dún 1960.

Ìbéèrè: Báwo ni àwọn tó kù ṣe yè é?

Ìdáhùn: Ìtàgé yẹn náà ló yọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo Fox ní Atlanta. Ẹgbẹ́ Shriners, ẹgbẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń lo àmì àti ọnà ilẹ̀ Lárúbáwá, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ilé ìpàdé tiwọn, ìdí nìyẹn tí ó fi ní òrùlé rìbìtì bíi ti mọ́sáláṣí, kí owó tó tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi fa apá kan lé oníṣòwò fíìmù lọ́wọ́. Ó ṣí ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1929. Bí èèyàn bá jókòó síbẹ̀ tí ó gbójú sókè, ojú ọ̀run alẹ́ ni yóò rí, tí ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, tí ìkùukùu ń rọra kọjá. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ oríkò rẹ̀. Àwọn ará ìlú fárígá, wọ́n dá ẹgbẹ́ Atlanta Landmarks sílẹ̀, wọ́n yáwó ra ilé náà lọ́dún 1975, wọ́n sì ti san gbèsè tán lọ́dún 1978. Orí eré orin àti eré ìtàgé ni púpọ̀ nínú owó náà ti wá. Ilé tí kò ní ju ògiri àti aṣọ funfun lọ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé Amẹ́ríkà nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Eden, ilé eré kan ní La Ciotat ní ilẹ̀ Faransé, ti wà láti ọdún 1889, kí sinimá tó dé rárá. Ó tì lọ́dún 1995, wọ́n sì tún un ṣe títí ó fi ṣí padà lọ́dún 2013.

Ìbéèrè: Níbo ni àwọn tó ń tún wọn ṣe ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Láti òkè ni. Omi ni ọ̀tá pílásítà, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́n tí yóò máa kun ògiri nígbà tí òrùlé ṣì ń jò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá àwọ̀ tí ilé náà ní níbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ yóò mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fẹ̀sọ̀ ha ibì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: èéfín sìgá ni yóò kọ́kọ́ ṣí kúrò, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀dà tí wọ́n fi bo ilé nígbà tí ọjà kò tà mọ́, lẹ́yìn ìyẹn òmíràn, títí wúrà àkọ́kọ́ yóò fi yọjú.