Ẹ Fi Títì Sílẹ̀ fún Asáré

Fọ́tò eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin, ìyẹn máratọ́ọ̀nù, ni mo ń yà jẹun. Kò sí eré tó parí tí ẹnì kan kò ní na fóònù sí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ wo fọ́tò ìyàwó mi, kí ló dé tó rí bàìbàì báyìí?" Wọ́n á ní kámẹ́rà olówó gọbọi ni àwọn kò ní. Irọ́ ni.

Kelvin Kiptum, asáré ọmọ Kenya, sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ní Chicago lọ́dún 2023. Ẹni tó ń sá bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi mítà 6 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ojú kámẹ́rà bá là fún ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, onítọ̀hún ti sún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kó tó padé. Ẹ gbé àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń là sí 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá, kò ní sún tó ìbú ìka. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ ibi tí asáré máa gbà kọjá kí ó tó dé, kí ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó parí.

Ìyànà, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ló ń dùn mí. Ẹni tó ń wọn ọ̀nà máratọ́ọ̀nù kì í tọ àárín títì. Ibi tó kúrú jù lọ ló ń tọ̀. Tó bá dé ìyànà, ó máa ń rọ̀ mọ́ bèbè ti inú títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 30 péré. Nínú àwọn eré ńlá kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ọ̀dà búlúù fa ìlà náà. Asáré tó mọṣẹ́ kì í kúrò lórí rẹ̀, torí ìgbésẹ̀ tó bá gbé kọjá ibẹ̀, àfikún ni fún ara rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 30 kò ju gígùn bàtà lọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sí títì, ẹ ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Áàpù tí wọ́n fi ń tọpa asáré lórí fóònù ló sì ń ti àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí àmì tó ń rìn lórí máàpù, wọ́n rò pé ìyàwó àwọn nìyẹn. Kì í ṣe òun! Ní ọ̀pọ̀ eré, ìgbà tí asáré bá tẹ ẹní tí wọ́n tẹ́ sí títì láti gba àkókò nìkan ni wọ́n mọ ibi tó wà, ẹní náà sì sábà máa ń fi kìlómítà 5 jìnnà síra. Láàárín ẹní méjì, áàpù kàn ń méfò ni. Lẹ́yìn kìlómítà 30, tí ẹsẹ̀ ti wúwo, àmì á ti kọjá yín, ẹni tó ni ín ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ó wá máa na ọrùn.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún dá kún un. Wọ́n ní kéèyàn lọ lóṣòó sínú títì kí asáré lè ga bí òmìrán. Ẹni tó ń kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ yìí, kò sì bìkítà fún asáré.

Mo wà ní ìyànà kan báyìí, níbi kìlómítà 38. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú fóònù, ó kẹ̀yìn sí eré. Obìnrin tó ń bọ̀ fẹ́ yà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti gan kì í gbọ́ràn. Ó ṣubú lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Mo gbọ́ bí awọ ọwọ́ ṣe ha títì. Ó dìde, ó wo aago rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ló jókòó sórí bèbè. Oṣù mélòó ni ó fi múra? Ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀, fóònù rẹ̀ ṣì ń gba fídíò.

Òdìkejì ìyànà ni kí ẹ dúró sí, ní bèbè ti ìta, lẹ́yìn irin ìdènà. Níbẹ̀ ni asáré ti ń dojú kọ yín tààrà kó tó yí, ojú rẹ̀ á sì hàn ketekete.