Agbára Kúrò ní London, Owó Ẹgbẹ́ Wa Ńkọ́?

Ní December 2024, ìjọba Bìrìtéènì gbé ìwé ètò kan jáde lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn fẹ́ kó agbára àti owó kúrò ní London lọ sọ́wọ́ àwọn agbègbè. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí fún wọn: àwọn tó ń pín oúnjẹ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá, àwọn tó ń kó àgbàlagbà jọ kí wọ́n má baà dá jókòó sílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìwọ̀nyí.

Kí ni wọ́n ń pín gan-an, ta sì ni wọ́n ń pín in fún?

Owó ni, àti àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe máa ná an. Scotland, Wales àti Northern Ireland ti ní ìjọba tiwọn láti 1999. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé àwọn káńsù tó múlé ti ara wọn á parapọ̀, aráàlú á dìbò yan méyọ̀ kan lé wọn lórí, London, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, á sì máa kówó fún un.

Greater Manchester ló ti pẹ́ jù nídìí ẹ̀. Káńsù 10 ló parapọ̀ níbẹ̀ ní 2011, wọ́n bá London ṣe àdéhùn ní November 2014, nígbà tó sì di May 2017 aráàlú dìbò yan Andy Burnham gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀ wọn àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ilé gbígbé àti ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Tẹ́lẹ̀, owó máa ń wá ní díẹ̀díẹ̀, tòun ti òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti April 2025, London bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, £630 mílíọ̀nù fún ọdún àkọ́kọ́.

Ṣebí ó yẹ kí inú wa dùn? Agbára ti sún mọ́ wa.

Ó sún mọ́ ẹni tó ti ń bá London ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń pín oúnjẹ ní Rochdale, ọ̀kan nínú káńsù mẹ́wàá yẹn, kò bá London da nǹkan kan pọ̀ rí. Òṣìṣẹ́ káńsù Rochdale kan ló mọ̀ wọ́n, ẹni tó ti dé gbọ̀ngàn wọn, tó mọ̀ pé òrùlé ibẹ̀ ń jò, tó sì lè pè wọ́n lórí fóònù pé, "Ẹ tètè kọ̀wé wá o, owó díẹ̀ ṣẹ́kù." Tí owó yẹn bá wá kúrò ní káńsù bọ́ sí ọ́fíìsì méyọ̀ láàárín ìlú Manchester, àwọn ará London á ní agbára ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú ẹni tó wà ní Rochdale, ńṣe ló gòkè lọ. Èmi ò rí ohun tó ṣe pàtàkì tó ìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ìjọba kì í sì í sọ ọ́.

Bí owó ṣe tóbi tó tún dá kún un. Ọ́fíìsì tó ń ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù kò ní fẹ́ máa bá igba ẹgbẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lórí £5,000, £5,000. Yóò gbé iṣẹ́ àgbàṣe ńlá fún àjọ ńlá kan, kí ìyẹn lọ wá àwọn kéékèèké tó máa bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹgbẹ́ aláàánú mẹ́wàá ní Bìrìtéènì, nǹkan bíi mẹ́jọ ni owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò tó £100,000.

Mo jókòó ti màmá kan tó ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí à ń dí fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n ní ká mú ìṣirò owó tí akáǹtáǹtì ti yẹ̀ wò wá, ìwé ìbánigbófò, àti ìlànà bí ẹgbẹ́ ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn. A rí ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wá jẹun ló ti "sún mọ́ iṣẹ́" lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nawọ́ sí orúkọ tó wà lókè pátápátá nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn àlejò. "Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé ni Bàbá yìí. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n sún mọ́?"

Ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìkà. Owó ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ló ń pín, òun náà sì máa jíyìn fún London. Irú owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn méyọ̀ nìyẹn: ti iṣẹ́, ti ọkọ̀, ti ilé kíkọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń bá àwọn arúgbó ṣeré ayò máa jà fitafita kó tó bá a mu.

Ṣé kò wá sí ẹgbẹ́ kankan tó jàǹfààní?

Ó wà dáadáa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sùn ní títì. Ẹni tí kò nílé kò mọ ibi tí Salford ti parí tí Manchester ti bẹ̀rẹ̀. Odò lásán ló wà láàárín wọn. Nígbà tí káńsù kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ ṣe, wọ́n lè máa ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ síra wọn. Ní 2018, méyọ̀ kó àwọn káńsù, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àtàwọn ilé ìjọsìn pọ̀ sábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní A Bed Every Night, kí ẹni tó bá nílò ibùsùn lálẹ́ lè rí i. Káńsù kan ṣoṣo kò lè dá irú rẹ̀ ṣe.

Ní 2021, wọ́n tún bá àwọn ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún pé wọ́n á jókòó sídìí tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò. Mo kí wọn. Àmọ́ àdéhùn kì í ṣe òfin; méyọ̀ tó ń bọ̀ lè tì í sínú dúrọ́ọ̀. Tàwọn ará Wales lágbára ju ìyẹn lọ. Òfin ìjọba Wales ti 2006, abala 74, ló pa á láṣẹ pé dandan ni kí àwọn mínísítà ní ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa ran irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí lọ́wọ́.

Wọ́n ní káńsù wa máa pa rẹ́. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn yín ju ọ̀rọ̀ méyọ̀ lọ. Ibi tó bá ní káńsù ńlá tí káńsù kéékèèké tún wà lábẹ́ rẹ̀, ìjọba fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní April 2023, North Yorkshire sọ káńsù méje àti èyí tó wà lórí wọn di ẹyọ kan. Surrey ló ń bọ̀: ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ máa ní káńsù kọ̀ọ̀kan láti April 2027, dípò méjìlá tó wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ owó orí ilé tí ẹgbẹ́ yín ń lò wò ná. Òfin dín ìdá 80 nínú 100 kù fún ẹgbẹ́ aláàánú. Ọwọ́ káńsù ni 20 tó kù wà. Ó lè fi jì yín, ó lè gbà á. Káńsù méje lè ní ìṣe méje, àmọ́ bí wọ́n bá di ọ̀kan, ìṣe kan ni wọ́n máa mú, ó sì lè máà jẹ́ tiyín.

Ọ̀rọ̀ ilé wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń lo ilé káńsù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Káńsílọ̀ kan ló ní kí wọ́n máa lò ó, wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́. Káńsù tuntun kò mọ káńsílọ̀ yẹn. Ìwé ló máa béèrè. Tí ẹ bá sì ń retí kí wọ́n ta ilé náà fún yín, ẹ yára. Tí mínísítà bá ti pàṣẹ lábẹ́ òfin 2007 tó wà fún àwọn káńsù, káńsù tó ń kógbá wọlé kò lè ta ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ju £100,000 lọ láìgbàyè.

Ìrètí wà lápá ibòmíràn. Láti 2011, òfin ti fún aráàlú ní oṣù mẹ́fà láti wá owó bí wọ́n bá fẹ́ ta ilé tí gbogbo àdúgbò ń lò, ṣùgbọ́n onílé ṣì lè kọ̀ wọ́n. Àbá òfin tó dé ilé aṣòfin ní July 2025 ní kí aráàlú jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa láǹfààní láti rà á, kí àkókò náà sì di oṣù méjìlá.

Bí ìjọba mìíràn bá dé tó fagi lé gbogbo rẹ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, àwọn àgbà wa tó ti wà ní Hackney àti Southwark nígbà náà á rántí. Láti 1981, ìjọba ìlú London lábẹ́ Ken Livingstone ń fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ti aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn aṣíwọ̀lú lówó. Margaret Thatcher, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, kò fẹ́ràn rẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì pa gbogbo ìjọba London yẹn rẹ́ ní 31 March 1986. Ọdún mẹ́rìnlá ni London fi wà láìní ìjọba tirẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ kú lọ́jọ́ kan ni abala 48 nínú òfin 1985 tó pa á rẹ́ náà. Ó fàyè gba àwọn káńsù ìlú náà láti dáwó pọ̀ fún irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n ń dá a títí di òní. Ìlà díẹ̀ nínú òfin ṣe ju ọ̀pọ̀ ìlérí àwọn òṣèlú lọ.

Manchester la wà, a fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan ní Glasgow. Ṣé ìwé kan náà ni?

Rárá. Charity Commission ló ń ṣàkóso àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. OSCR ni àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Scotland, òfin 2005 tiwọn ló sì ń tẹ̀ lé. Tí ẹ bá gba ọ́fíìsì síbẹ̀, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn náà.

Kí wá ni ká ṣe báyìí?

Ẹ wọ àjọ tó ń ṣojú àwọn ẹgbẹ́ ní àdúgbò yín, nítorí òun ni ọ́fíìsì méyọ̀ máa pè. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn pawọ́ pọ̀ láti béèrè owó ńlá. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ṣoṣo lè pín sí mẹ́ta lórí ipò ààrẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pa orúkọ yín rẹ́. Ẹgbẹ́ kan á gba owó, á pín in fún àwọn yòókù, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ta ló máa dá owó padà bí ẹnì kan ò bá ṣe ipa tirẹ̀.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa sanwó. Púpọ̀ nínú irú owó yìí, iṣẹ́ ló máa ń ṣíwájú, ẹ ó kó rìsíìtì lọ, owó á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní nǹkan kan ní báǹkì kò ní lè dúró dè é.