Gbèsè tó wà lẹ́yìn ìwé ìdìbò

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Oakland pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2022. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Àbúrò, mo ti ṣe ti gómìnà, mo ti ṣe ti sẹ́nétọ̀. Mo wá yí ìwé yìí sẹ́yìn, wọ́n ń bi mí bóyá kí ìlú yá mílíọ̀nù 850 dọ́là. Ta ni yóò san án?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó nílé ní Oakland."

Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń hó lórí sítóòfù wọn. "Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n wá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí?"

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fi í sí. Àkáǹtì ni mí, iṣẹ́ owó ìlú ni mo ń ṣe ní Kalifóníà. Bí àsìkò ìbò bá ti dé, káúntì máa ń gba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, èmi náà á sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ mi lọ bá wọn ṣe é. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ gbèsè yìí sílẹ̀, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń já àpò tí ẹ fi ìdáhùn yín sí. Ìwé tí ojú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, mi ò lè ka iye tó ti gba ọwọ́ mi kọjá. Èèyàn á pariwo lórí ẹni tí kò ní fojú kàn láéláé, á sì fi gbèsè ọgbọ̀n ọdún sílẹ̀ láìdáhùn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì kò ṣòro. Bí ìlú bá fẹ́ tún títì ṣe, tàbí kó kọ́ ilé ìkàwé, tàbí kó fẹ gọ́tà tí òjò ti borí, owó tó ń wọlé lọ́dún kan kì í tó. Ìlú á wá ta ìwé gbèsè fún àwọn tó lówó nílẹ̀: báńkì, àjọ owó ìfẹ̀yìntì, ilé iṣẹ́ adókòwò. Wọ́n á kówó sílẹ̀, ìlú á sì máa san ojú owó àti èlé díẹ̀díẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ má fi wé èésú o. Nínú èésú, owó ara wa là ń kó fún ara wa, kò sí èlé níbẹ̀. Owó olówó ni ti bọ́ǹdì, owó orí ilé yín ni wọ́n sì fi ṣe onídùúró. Òfin ò gbà kí wọ́n fi í san owó oṣù òṣìṣẹ́. Ilẹ̀, ilé àti ohun tí wọ́n bá kọ́ sórí ilẹ̀ ló wà fún.

Mi ò sọ pé gbèsè burú. Ẹni tó bá mọ Lake Merritt láyé àtijọ́ á rántí títì onílà méjìlá tó gba ìhà gúúsù adágún náà kọjá; ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé etí omi á kọ́kọ́ gbàdúrà. Lọ́dún 2002, àwọn ará Oakland dìbò fún bọ́ǹdì kan tí wọ́n ń pè ní Measure DD, mílíọ̀nù 198 dọ́là. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti dín títì náà kù, wọ́n ṣí ojú omi, wọ́n gbin koríko. Ẹ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé báyìí, ẹ ó bá àwọn onílù, àwọn tó ń yan ẹran, àwọn ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 2016, wọ́n tún fọwọ́ sí Measure KK, mílíọ̀nù 600, tí mílíọ̀nù 350 nínú rẹ̀ jẹ́ ti títì. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń wí, Measure U ni, òun náà sì wọlé.

Ní ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ń ta bọ́ǹdì, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n to àwọn ará Mushin sórí ìlà láti bi wọ́n léèrè? Níbí, wọ́n gbọ́dọ̀ bi yín, ìdáhùn náà sì gbọ́dọ̀ lágbára. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dáhùn ló gbọ́dọ̀ gbà kí ìlú tó lè gbé irú gbèsè yìí lé orí ilé. Bí èèyàn 30,000 bá dáhùn, 20,000 gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. 19,900 kò tó. Ìyẹn ni pé ẹnì kan tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, èèyàn méjì ló máa dìde kí wọ́n tó borí rẹ̀. Ti ilé ìwé rọrùn díẹ̀: láti ìgbà tí Proposition 39, òfin tí àwọn olùdìbò Kalifóníà fúnra wọn dìbò fún, ti wọlé lọ́dún 2000, ìdá 55 nínú 100 lè tó fún un. Lọ́dún 2024 wọ́n gbé Proposition 5 wá kí iṣẹ́ ìlú náà lè bọ́ sí 55, àwọn olùdìbò ní àwọn ò gbà. Ẹni tó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn ò kà á rárá. Mo ti bá bàbá kan jiyàn lórí èyí níbi ìsọmọlórúkọ títí wọ́n fi pín jọ̀lọ́ọ̀fù tán. Títí dòní ló gbà pé òun ta ko bọ́ǹdì lọ́jọ́ náà.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbà? Ìbéèrè orí ìwé ìdìbò kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 75 lọ, àwọn tó fẹ́ yáwó náà ló sì ń kọ ọ́. Ó máa dùn bí oyin: títì á dán, ilé panápaná ò ní wó bí ilẹ̀ bá mì, àgbàlagbà á ríbi jókòó sí. Ẹ jẹ́ kó dùn. Ẹ ṣí ìwé àlàyé tí káúntì fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Tax Rate Statement sí, ìyẹn àlàyé iye owó orí tí bọ́ǹdì náà máa gbà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni èmi máa ń fi bírò fa ìlà sí nídìí: iye tí wọ́n máa gbà lórí 100,000 dọ́là iye ilé, ọdún tí yóò parí, àti àpapọ̀ ohun tí wọ́n máa san, ojú owó pẹ̀lú èlé.

Ká ní wọ́n kọ 40 dọ́là lórí 100,000. Bí ìwé owó orí bá ka ilé yín sí 600,000, ẹ fi mẹ́fà lọ́nà 40, ó di 240 dọ́là lọ́dún, 20 dọ́là lóṣù. Iye tí ìwé owó orí kà á sí ni mo wí o, kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á lónìí. Láti 1978 tí Proposition 13 ti dòfin, iye tí ẹ ra ilé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 2 nínú 100 gòkè lọ́dún. Ilé méjì lè jọra bí ìbejì ládùúgbò kan. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní 1985 àti ẹni tó ra tirẹ̀ ní 2021 ò ní san iye kan náà lórí bọ́ǹdì kan náà. Àwa tá a pẹ́ dé la máa ń ru èyí tó wúwo. Ó ń dùn mí, àmọ́ bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní San Francisco, òfin gba onílé láàyè láti gbé ìdajì owó irú bọ́ǹdì tí wọ́n dìbò fún lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 2002 lé ayálégbé lórí.

Ọ̀rọ̀ èlé náà ńkọ́? Bí ìlú bá yá mílíọ̀nù 100 ní èlé ìdá 4 nínú 100, tó sì ń san iye kan náà lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún, ohun tó máa san lápapọ̀ á lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 173. Mọ́gééjì, gbèsè tí a fi ń ra ilé, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Ti Poway ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Àgbègbè ilé ìwé ni, ní káúntì San Diego. Lọ́dún 2008 ni àwọn olùdìbò fọwọ́ sí bọ́ǹdì wọn. Nígbà tó di 2011, wọ́n yá nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 dọ́là, àdéhùn ibẹ̀ sì ni pé wọn ò ní san kọ́bọ̀ títí di 2033. Èlé bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, àwọn ọmọ èlé náà ń bímọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa san án tán ní 2051, owó ọ̀hún á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó ní kíláàsì lọ́dún tí wọ́n yá owó yẹn, á ti di ọmọ ọdún 28 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ìròyìn náà tàn ká, ìpínlẹ̀ sì ṣòfin lọ́dún 2013 pé ohun tí ilé ìwé máa san lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yá lọ. Ìlọ́po mẹ́rin! Wọ́n ní ààbò nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ń fa ìlà sí nídìí àpapọ̀ owó, torí iye ọdọọdún nìkan lè tan èèyàn jẹ.

Gbogbo ìkàwé yìí ò ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìlà. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ìbò àpò lẹ́tà nìyẹn. Ní Kalifóníà, ó kéré tán, ọjọ́ 29 ṣáájú ìbò ni káúntì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo olùdìbò. Ẹ lè gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ kà á lónìí, kẹ́ ẹ padà sí i lọ́tunla. Kìkì pé kẹ́ ẹ jìnnà sí ọbẹ̀. Mo ti fọwọ́ ara mi mú ìwé tí epo ta sí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àpò tó lórúkọ lára, mi ò mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n mo mọ epo pupa. Ẹ̀rọ ò lè kà á. Òṣìṣẹ́ ló jókòó dà á kọ sórí ìwé mìíràn kí wọ́n tó kà á.

Ibi tó ń ba ìbò jẹ́ ju ọbẹ̀ lọ ni ìbuwọ́lù. A máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà: lápá kan, ìbuwọ́lù tó wà lára àpò; lápá kejì, èyí tó wà lọ́wọ́ káúntì, tó sábà máa ń jẹ́ ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Wọn kì í dédé kọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ méjì mìíràn gbọ́dọ̀ fẹnu kò láìsí iyèméjì pé kì í ṣe ọwọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí lára àpò àwọn èèyàn wa kì í tán. Ọkọ buwọ́ lu àpò ìyàwó, ìyàwó buwọ́ lu ti ọkọ, torí pé wọ́n jọ jókòó ṣe é. Ẹlòmíràn kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá níjọ́ tó gba ìwé ìwakọ̀, ó wá di pé ìlà kan tó wọ́ bí ejò ló ń fà báyìí. Ẹlòmíràn yí orúkọ padà níjọ́ tó búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ Amẹ́ríkà, kò sọ fún káúntì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọmọ tó buwọ́ lù ú fún ìyá rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ màmá ń gbọ̀n. Ẹ má ṣe é, kódà bí màmá bá ti fún yín ní ìwé àṣẹ lórí gbogbo owó wọn. Kí màmá fọwọ́ ara wọn ṣe àmì tí wọ́n bá lè ṣe, kí ẹnì kan tó ti pé ọdún 18 sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó tán.

Bí ìbuwọ́lù ò bá bára mu, káúntì máa kàn sí yín, wọ́n á fún yín ní ìwé kékeré kan láti tún un ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí èsì. Ẹ dá a padà. Mo mọ̀ pé a máa ń rò pé gbájúẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà tí a ò retí. Bí ara bá ń fu yín, ẹ lo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àlàyé pe káúntì.

Àpò náà ò nílò sítáǹpù. Ẹ lè fi í sí pósófíìsì, àmọ́ òǹtẹ̀ orí rẹ̀ ni wọ́n máa wò, lẹ́tà tí ẹ sì jù sínú àpótí ìrọ̀lẹ́ lè má gba òǹtẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, àpótí irin tí káúntì gbé síta ni kẹ́ ẹ wá lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìbò ni wọ́n ń tì í.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Green card kì í ṣe ìwé ìdìbò. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà lọ ṣe ìwé ìwakọ̀, ni orúkọ rẹ̀ bá já bọ́ sínú ìwé olùdìbò, àpò sì délé bá a. Pé wọ́n fi ránṣẹ́ síni kò sọ pé ó tọ́ síni. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ léni kúrò nílùú. Ẹ má kọ nǹkan kan sí i, ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọjọ́ mẹ́rin lórí tiwọn. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti bi mí nípa èlé, lẹ́ẹ̀kan láti bi mí bóyá bírò aláwọ̀ búlúù dára. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ káúntì wọlé sórí fóònù wọn pé wọ́n ti gba ìwé náà, wọ́n sì ti kà á. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò bi wọ́n ohun tí wọ́n dì.