Sójà kì í ṣe ọjọ́ orí o

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ta ọtí nílùú ọba, ó ti rẹ̀ mí. Láàárín oṣù kan péré, èèyàn mẹ́ta ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà: bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá sójà tó wá ra ọtí ti pé ọdún 18. Ẹni àkọ́kọ́ lé sójà padà, ó ní káàdì ẹ̀ ò ní hólógíráàmù, àmì tó máa ń dán tó sì ń yí àwọ̀ padà téèyàn bá yí káàdì. Ẹnì kejì ta bíà fún ọmọ kan torí pé ọmọ náà wọ yunifọ́ọ̀mù, kò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ẹnì kẹta, òun ló bí mi nínú jù, ó gba káàdì, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, ó sì ta vodka fún un, ìgbà tí mo wá bi í pé ọjọ́ ìbí wo ló rí níbẹ̀, ó ní, "Àǹtí, mi ò wo ìyẹn o, mo ṣáà rí i pé sójà ni."

Sójà ni! Họ́wù.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ní láísẹ́ǹsì tèmi, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Woolwich níbi tí bárékè wà lọ́hùn-ún tí àwa náà wà níhìn-ín pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́ wa, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó fetí sí mi tí kánsù tíì gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò fi ṣe fáàrí o. Ó dáa, mo fi ń ṣe fáàrí díẹ̀.

Ṣé káàdì sójà ṣeé gbà? Ó ṣeé gbà. Ní England àti Wales, ohun tí òfin ń wá lára káàdì ni fọ́tò ẹni náà, ọjọ́ ìbí ẹ̀, àti yálà hólógíráàmù tàbí àmì tó máa ń yọ lábẹ́ iná UV, ìyẹn iná tí ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ rí. Káàdì àwọn ọmọ ogun wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní MOD 90, ní fọ́tò, ó ní ọjọ́ ìbí, ó ní àmì UV. Scotland ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, àwọn tiẹ̀ dárúkọ MOD 90 sínú ẹ̀ gan-an. Challenge 25, ìyẹn pé ká bèèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ bá jọ ti ẹni tí ò tíì pé 25, kúkú wà lára ògiri gbogbo yín, mi ò ní padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lé sójà torí hólógíráàmù, mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Lọ́dún 2010 tí òfin yẹn kọ́kọ́ jáde, hólógíráàmù nìkan ló bèèrè, kò dárúkọ UV rárá, MOD 90 ò sì ní hólógíráàmù. Sójà á ti Afghanistan dé, á fẹ́ ra bíà, àwa á ní kó lọ mú páspọ́ọ̀tì wá. Èmi náà lé ọ̀kan padà lọ́dún 2012, ọmọkùnrin tó ṣì ń tiro, ó gbé káàdì ẹ̀ sórí kántà, ó wò mí, ó mú un padà, ó jáde, kò sọ̀rọ̀. Ó dùn mí dòní. Àmọ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi UV kún un. Ọdún 2014 o! Kí ló wá dé tí ìwé 2010 ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíìlì yín? Àwọn tó ń pe ara wọn ní kọ́ńsọ́tàǹtì lórí WhatsApp ni, wọ́n á tẹ ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó kó máa dán, wọ́n á tà á fún yín ní 40 pọ́ùn. Wọn ò jókòó ìdánwò kankan rí. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun ò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀, wòlíì ti ta òróró sí ẹnu ọ̀nà òun káwọn Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wò, má bàa yà síbẹ̀. Wọ́n yà.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí. Ọmọ ọdún 16 lè wọ iṣẹ́ ológun nílùú yìí. Tí òbí ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i, ó tán. Kọ́lẹ́ẹ̀jì odindi wà ní Harrogate tó jẹ́ pé ọmọ 16 àti 17 ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ ológun níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ kan lè wọ yunifọ́ọ̀mù ojúlówó, kó mú káàdì ojúlówó dání, kí ọ̀gá ẹ̀ ní bárékè mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ kó má tíì tó ẹni tó ń ra ọtí. Káàdì yẹn sọ pé sójà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti pé 18, ẹ wo ọjọ́ ìbí.

Mo mọ ohun tó ń ṣe wá. Ilé la ti gbé e wá. L'Ékòó, tí sójà bá wọ danfo tó ní "staff", kọ̀ǹdọ́ ti mọ̀ pé owó ibẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi sójà léèrè ọdún mélòó ló jẹ́. Torí náà tí ọmọ òyìnbó kan bá gẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wọ ṣòkòtò sójà wọlé, ẹsẹ̀ wa á ti máa gbọ̀n lẹ́yìn kántà. Ẹ gbà mí o.

Tọ́ọ̀ṣì UV wá ńkọ́? Kò ju pọ́ùn mélòó kan lọ, ìdajì yín ò ní in, ìdajì tó ní in jẹ́ kí bátìrì ẹ̀ kú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ má tàn án sí káàdì níbi tí iná ṣọ́ọ̀bù ti mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ gbé káàdì sísàlẹ̀ kántà níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ara káàdì tó dáa kì í tàn, àmì tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ nìkan ló máa tàn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé lásán ní yàrá ẹnì kan, gbogbo ara ẹ̀ ló sábà máa ń tàn búlúù-búlúù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tẹ́ ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe máa tàn yòò, ohun tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ kí aṣọ lè funfun ni, ó wà nínú bébà náà. Mo máa ń mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lọ sí kíláàsì torí ẹ̀. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú èèyàn o, ẹ sì má fi fóònù ya fọ́tò káàdì sójà láé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ní alẹ́ Jímọ̀ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí tíìlì, èmi wà lẹ́yìn, mò ń to àpò gàrí. Mo gbọ́ tó ń sọ "sir" ṣáá. Mo yọjú. Ọmọkùnrin kan ni, ó gbé báàgì ńlá sẹ́yìn, ó to bíà sórí kántà pẹ̀lú vodka kan, ó na káàdì síta. Ó nà án, kò fi sílẹ̀. Àtàǹpàkò ẹ̀ wà lórí ọjọ́ ìbí pẹ́kípẹ́kí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ọ̀rá tó máa kó o sí.

Mo ní, "Ọmọ mi, gbé ọwọ́ yẹn kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e kúrò. Ó ku oṣù méjì kó pé 18. Ó ní wọ́n gbé ìbọn lé òun lọ́wọ́, òun ò wá lè ra bíà? Mo ní ọ̀gá ẹ̀ ló fún un níbọn, kánsù ló fún èmi ní láísẹ́ǹsì, kó lọ bá wọn jà. Ó lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ń bi mí pé, "Àǹtí, ká ní ó bínú ńkọ́?"

Ká ní ó bínú! Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní a tà á fún un. Ẹni tó ta ọtí fún ọmọ tí ò tíì pé 18, owó ìtanràn ẹ̀ ò ní ààlà. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ má ta ọtí fún wákàtí 48 ó kéré tán, ó lè tó 336, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àbí kẹ́ ẹ lọ kọ́ọ̀tù. Òfin fún yín láǹfààní kan tẹ́ ẹ fi lè gba ara yín: pé ẹ gbà gbọ́ pé ó ti pé 18, ẹ bèèrè ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì jẹ́ èyí tí ẹni tórí ẹ̀ pé máa gbà. Káàdì tó kọ ọ́ sára pé ọmọ 17 ni ńkọ́? Kámẹ́rà yín ló máa fi hàn pé ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ sì tà á. Ó sàn kẹ́ ẹ má ti bèèrè rárá, àmọ́ ìyẹn náà ò sàn.

Láràárọ̀, ẹ yọ 18 nínú ọdún tá a wà, ẹ kọ èyí tó kù síbi tíìlì pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù òní. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ má ta ọtí fún un, ì báà ṣe jẹ́nẹ́rà.

Ẹnì kẹta tí mo ní ó pè mí yẹn, ìyá ọmọ tó ta vodka fún ló lọ fẹjọ́ sùn ní kánsù, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i pé kó wá wí tẹnu ẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó kọ́kọ́ mú ìwé tó ń kọ orúkọ àti àpèjúwe àwọn tó lé padà sí wá fún mi, ìyẹn á fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń tà á fún.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ìwé wo?"